Ewúrẹ́ wàrà mi ń rù, oúnjẹ àpò sì ti wọ́n jù: kí lẹ fi ń gbé tiyín ró?

Ìyá Eléwúrẹ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹlẹgbẹ́ mi. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé, mẹ́rin ló ń fún wa ní wàrà báyìí. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa, ìkẹrin jẹ́ ọmọ tí abo kúkúrú bí fún òbúkọ pupa Sókótó. Òun ni wàrà rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà ló sì ń rù jù. Bí mo bá fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, egungun ni mo ń kà.

Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ra oúnjẹ àpò fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, kí n tó ta wàrà tó máa ra àpò kan, èyí tó wà nílẹ̀ ti tán. Mo dín oúnjẹ náà kù sí ìdajì lóṣù tó kọjá. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wàrà fi já wálẹ̀.

Mo ń se wàrà náà dáadáa kí n tó tà á, èyí tó bá ṣẹ́kù ni mo fi ń ṣe wàràkàṣì. Owó ilé ìwé ọmọ méjì wà nínú rẹ̀, nítorí náà mi ò fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Kí lẹ̀yin ń fún tiyín tí kò náni lówó gọbọi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye tí ẹ ń fún wọn àti bí ẹ ṣe ń ṣe é. Kí ẹnì kan kàn sọ pé "èèpo ẹ̀gẹ́ dára" kò lè tó mi.

Alágàárì, Òdògbólú

Mọ́mì, èèpo ẹ̀gẹ́ náà ni màá kọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n màá sọ bí a ṣe ń ṣe é. Gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ń ṣe gàárì. Kò sí ibùdó gàárì kan tí ẹ máa yà sí tí òkìtì èèpo kò ní í wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń dáná sun ún ni. Tiwa, ẹni tó bá gbé àpò wá ló ń kó o lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má fún wọn ní tútù láé. Ẹ sá a ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí kọnkéré tàbí tapólì, kí ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ dún. Tí kò bá dún, kò tíì gbẹ.

Ìgbà òjò ló le. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ní ọ̀nà kan tó bá iṣẹ́ wa mu gan-an: ẹ rin èèpo náà bí ẹni fẹ́ ṣe gàárì, ẹ fi jáàkì fún omi rẹ̀ kúrò, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sá a. Omi ti jáde lára rẹ̀, nítorí náà oòrùn ọjọ́ kan lè gbẹ ẹ́. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà la fi ń rin ín, kò sí ohun tí a ní láti rà.

Àgbẹ̀ Orù

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ti ọ̀rọ̀ "ẹ má fún wọn ní tútù" yẹn lẹ́yìn. Ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo sin láàárọ̀ ọjọ́ kan. A bó ẹ̀gẹ́ lálẹ́, a kó èèpo sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ẹnì kan sì gbàgbé ilẹ̀kùn ọgbà ní ṣíṣí. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni. Nígbà tí mo máa fi jáde, wọ́n ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ń hó lẹ́nu wọn, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo pe dókítà ẹran, ó sì gbéra lójú ẹsẹ̀, àmọ́ kó tó dé wọ́n ti kú. Ọ̀kan nínú wọn lóyún.

Sáyánáìdì, oró inú ẹ̀gẹ́, ló pa wọ́n. Oòrùn ló ń lé e jáde, ìdí nìyẹn tí gbígbẹ fi ṣe pàtàkì. Láti ọjọ́ yẹn, èèpo kì í sùn nílẹ̀ nílé mi. Ibi tí ẹran ò lè dé ni mo ń bó ẹ̀gẹ́ sí, mo sì máa ń ti ilẹ̀kùn fúnra mi.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ewé ẹ̀gẹ́ ní oró náà nínú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sá a gbẹ tó ń rún wẹ́wẹ́, oúnjẹ gidi ni. Amáradàgbà tó wà nínú rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú 100. Nínú èèpo, kò ju bíi ìdá 5 lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ń wa ẹ̀gẹ́, ẹ gé ewé rẹ̀ kí ẹ tó ju igi nù.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, ẹ kú àmójútó. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sórí oúnjẹ, ẹ lọ wo ohun méjì fún mi lọ́la, kí oòrùn tó mú.

Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, kí ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá pupa tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dára. Tó bá ti ń funfun, aràn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu nínú ikùn, gbogbo oúnjẹ tí ẹ bá sì dà sí i, aràn lẹ ń bọ́. Ilẹ̀ wa tutù, òjò wa pọ̀, aràn yìí fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, pàápàá níbi tí ẹran bá ti ń jẹ koríko kúkúrú tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀.

Ìkejì, ẹ fi àtàńpàkò àti ìka di ẹ̀yìn wọn mú lẹ́yìn egungun ìhà ìkẹyìn, kí ẹ tún fọwọ́ kan igbá àyà wọn níwájú. Níbi tí egungun ti mú ṣóńṣó tí kò sí ẹran lórí rẹ̀, ẹran náà ti rù jù. Níbi tí ẹ ti mọ̀ pé egungun wà ṣùgbọ́n tí ẹran bò ó, ibẹ̀ la fẹ́ kó wà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tún wò ó lóṣù tó ń bọ̀. Ojú máa ń tan èèyàn jẹ nítorí irun àti ikùn ńlá, ọwọ́ kì í tan èèyàn.

Ìyá Eléwúrẹ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Dókítà, ẹ ṣeun. Mo ti wò ó. Àwọn kúkúrú mẹ́ta pọ́n díẹ̀. Ti ìkẹrin funfun bí ẹ̀kọ. Àyà mi já nígbà tí mo rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ mú ṣóńṣó.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ tètè pe dókítà ẹran tó sún mọ́ yín kó wá fún un lóògùn aràn, kó sì wọn ẹran náà kó tó fún un. Ọ̀pọ̀ oògùn aràn ni ewúrẹ́ nílò ju ìwọ̀n ti àgùntàn lọ, ẹni tó bá kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ń kọ́ aràn ní agídí ni. Iye ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ má mu wàrà rẹ̀, ẹ má mu ún, ẹ má sì tà á. Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí kò ní aràn, a kì í fún un lóògùn lásán.

Ní ti ẹ̀yà Sókótó inú rẹ̀, kúkúrú ilẹ̀ wa lè fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ju ti òkè Ọya lọ. Ìdí rèé tí ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ òkè Ọya fi nílò àmójútó gidi níbí. Ẹ tún béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, kí owó tí ẹ ń ná sórí oúnjẹ má bàa ṣòfò.

Ọmọ Ṣágámù

Ẹ̀gbọ́n Ìlíṣàn, ẹ kò jìnnà sí wa. Ẹ wọ Sábó níbí. Àwọn Hausa tí òwò obì kó wá sílùú wa láti ọdún gbọ́nhan, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ta dùsá àti harawa. Dùsá ni èérí ọkà tí wọ́n gún, harawa sì ni igi àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ. Harawa ni kí ẹ fi owó yín rà bí ẹ bá ní láti ra nǹkan. Ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ní amáradàgbà ju koríko lọ. Ẹ rà á kí Iléyá tó sún mọ́lé, torí nígbà tí gbogbo Ìjẹ̀bú bá ń so àgbò mọ́lẹ̀ de Iléyá àti Ojúde Ọba, ọwọ́ ò ní tó o.

Ọ̀fẹ́ kan tún wà tí mo ń gbà: èèpo ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn alákàrà àti onímọ́ínmọ́ín. Ní òwúrọ̀, wọ́n á ti fọ èèpo náà sílẹ̀ sínú omi. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá kan, mo ń kó o lójoojúmọ́, mo ń sá a. Èmi náà máa ń gbé wàrà díẹ̀ fún un lópin ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé a lè fún wọn ní èèpo obì àti ti kòkó? Ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí nǹkan míì.

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò, káfíìnì wà nínú obì, theobromine sì wà nínú èèpo kòkó, ó lè pa ẹran lára tó bá pọ̀. Àwọn kan ń ṣe é kí oró rẹ̀ lè dín kù, àmọ́ èmi ò ní í fún ẹran tí ọmọdé ń mu wàrà rẹ̀. Oúnjẹ tó dára pọ̀ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀.

Nítorí wàrà náà ni mo tún fi fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó bu. Èèpo, dùsá tàbí àgbàdo tó bá ti bu, tó ti ní dúdú tàbí àwọ̀ ewé lára, ẹ dà á nù, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dáa. Oró inú rẹ̀ ń gba inú wàrà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mu ún, sísè kì í sì í pa á.

Bàbá Ológbà, Agọ́-Ìwòyè

Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ dára. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi. Ní ilẹ̀ wa níbí, ohun tí ń fún ẹran lágbára kì í wọ́n: èèpo ẹ̀gẹ́, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èérí ògì. Ohun tó wọ́n, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù, ni amáradàgbà. Ẹni tó bá sì ní igi agúnmániyè mẹ́wàá létí ọgbà, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Láti ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbin agúnmániyè àti igi leucaena sáàárín oko, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1990, ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ gbàgbé rẹ̀. Èmi ò gbàgbé. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀, ẹ gún un mọ́lẹ̀ bí òpó ọgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, á hù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún bíi ọdún kan kó lè dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ lè máa gé e ní oṣù méjì sí mẹ́ta síra. Amáradàgbà inú ewé rẹ̀ lé ní ìdá 20 nínú 100.

Ewúrẹ́ tí kò jẹ ẹ́ rí máa kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí òórùn rẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Ẹ gé e lálẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ di àárọ̀, òórùn yẹn á lọ sílẹ̀. Ẹ so díẹ̀ mọ́ iyeyè tàbí ẹ̀pin tó ti mọ̀. Tí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, àwọn yòókù á wá.

Ti leucaena, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹran ń jẹ lọ. Ó ní nǹkan kan tó ń mú irun já tí ẹran bá jẹ òun nìkan. Agúnmániyè náà, ẹ máa pò ó mọ́ ewé mìíràn. Ẹ so ewé rọ̀ sókè, kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀. Ewúrẹ́ kì í jẹ ohun tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó bá sì wà nílẹ̀, aràn ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́sìn, Ìṣarà

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́ pé a lè po ajílẹ̀ yúríà mọ́ omi fún wọn, pé ó ń di amáradàgbà nínú ikùn wọn. Ó rọrùn láti rà ju gbogbo èyí lọ. Ṣé òótọ́ ni?

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Rárá o, ọmọ mi, má po ó mọ́ omi. Òótọ́ ni pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ikùn ewúrẹ́ lè lo yúríà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré gan-an ni, tí a pò dọ́gba mọ́ oúnjẹ tó ní agbára nínú, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹran bá mu ún nínú omi, tàbí tó bá bá ìṣù rẹ̀ nínú oúnjẹ, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tí ikùn rẹ̀ kò tíì gbó kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Ẹni tó ní agúnmániyè àti èèpo ẹ̀wà lárọ̀ọ́wọ́tó kò ní ohun tí yúríà máa ṣe fún un.

Ọ̀dọ́ Ọlọ́sìn, Ìṣarà

Mo dúpẹ́ sà. Mo ti rà á, ìdí àgbàdo ni màá kó o lọ.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá Eléwúrẹ́ béèrè iye. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ bí mo ṣe ń pò ó. Fún kílò 100:

Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kílò 30, PKC kílò 30, èérí wíìtì kílò 20, ewé agúnmániyè tàbí ewé ẹ̀gẹ́ tó gbẹ kílò 17, lúbúlúbú èèpo ẹyin tàbí òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kílò 2, iyọ̀ kílò 1.

PKC ni ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún àdí kúrò lára ẹkùrọ́, ibi tí wọ́n ti ń fún un ló ti dínwó jù. Amáradàgbà rẹ̀ tó bíi ìdá 17, ti èérí wíìtì tó bíi 16. Tí ẹ bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, àdàlù náà á ní bíi ìdá 13 sí 14 nínú 100, tí ẹ bá sì fi ewé tútù kún un lójoojúmọ́, ó tó fún kúkúrú tó ń fún ni ní wàrà. Ẹni tó ń sin àgùntàn pẹ̀lú wọn, kó má fi PKC bọ́ àgùntàn bẹ́ẹ̀. Kọ́pà inú rẹ̀ ń pọ̀ jù fún àgùntàn, ewúrẹ́ lè gbà á.

Nípa èèpo ẹyin: PKC àti èérí kò ní kálísíọ̀mù tó, wàrà sì ń kó kálísíọ̀mù jáde lára ewúrẹ́ lójoojúmọ́. Mo ń gba èèpo ẹyin lọ́wọ́ àwọn tó ń din ẹyin fún àwọn ọmọ iléèwé, mo ń yan án lórí iná kó tó di lúbúlúbú. Òbúkọ ni kí ẹ má máa fún ní èérí púpọ̀, òkúta lè dí i lójú ìtọ̀.

Iyọ̀ náà, iyọ̀ ilé ìdáná ni kí ẹ lò, èyí tí a fi áyódìn sí. Ẹran tó bá ń jẹ ohun ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ nílò áyódìn ju ẹran mìíràn lọ, torí ohun tó kù nínú ẹ̀gẹ́ ń dí i lọ́wọ́ nínú ara. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ wú nígbà tí wọ́n bí i, ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún máa ń lu ihò sára ọparun, mo rọ iyọ̀ sínú rẹ̀, mo gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé kí wọ́n lè máa lá a.

Kúkúrú tó ń fún ni ní wàrà, gíráàmù 300 lójúmọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìdajì láàárọ̀, ìdajì nígbà tí ẹ bá ń fún wàrà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lórí ìwọ̀n, kí ẹ fàmì sára agolo, kò tún sí wàhálà mọ́. Èyí tí wàrà rẹ̀ pọ̀, ẹ fi kún tirẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ oúnjẹ lójijì: ẹ fi ọjọ́ 10 sí 14 pa àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun. Omi tútù ni àfikún tó dínwó jù láyé yìí. Nínú lítà wàrà kan, ó ju ìdá 80 nínú 100 tó jẹ́ omi. Ibi tí mo ti fọ ọpọ́n omi lójoojúmọ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí èrè.

Ìyá Sóyà, Ìperu

Kí n fi tèmi kún un. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ṣe wàrà sóyà, kó lọ bẹ̀ ẹ́ fún èérí rẹ̀. A máa ń dà á nù ni. Ọjọ́ tí a fún un ni kí ẹ fi bọ́ ẹran, ọwọ́ kékeré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan.

Ìyá Eléwúrẹ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Mo padà wá jábọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ méje lónìí.

Dókítà wá, ó wọn ìkẹrin, ó fún un lóògùn. Ọjọ́ tí ó ní kí n má ta wàrà rẹ̀, mo ń dà á nù, ó dùn mí, àmọ́ mo ṣe é. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni mo lọ kó ní Ìkẹ́nnẹ́, ọkọ mi sì ṣe pákó gbọọrọ tí mo ń sá a sí. Harawa ni mo rà ní Sábó, àpò méjì péré. Agúnmániyè kò tíì sí létí ọgbà mi, ìyá kan ní òkè ọ̀dọ̀ wa ní í, ó ní kí n máa gé e, kí n máa fún òun ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ fún ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo ti gún ẹ̀ka 14 mọ́lẹ̀ nínú òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ agúnmániyè. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí, mo jẹ́ kó rọ, mo so ó mọ́ iyeyè. Ọjọ́ karùn-ún ni èyí tó kéré jù bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí wọ́n ń ké tí wọ́n bá gbúròó àdá mi.

Inú ìpéǹpéjú ìkẹrin ti ń pọ́n. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò gún mi mọ́. Wàrà rẹ̀ ti padà sí bí ó ṣe rí kí n tó dín oúnjẹ kù. Oúnjẹ àpò tí mo ń rà kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ, PKC àti èérí wíìtì ni mo sì fi owó yòókù rà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò fún ni ní wàrà lóyún. Ìgbà wo ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún oúnjẹ tirẹ̀?

Dókítà Ẹran, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá wa, inú mi dùn. Oyún ewúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 150, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìkẹyìn ni ọmọ inú rẹ̀ máa ń dàgbà jù. Ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tí ó bá gbé ju ọmọ kan lọ, àyè tó kù fún oúnjẹ nínú ikùn rẹ̀ á kéré, nítorí náà ẹ fún un ní díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má jẹ́ kó sanra jù ṣáájú ìgbà náà. Bí ó bá kọ oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, tó dá dúró lọ́tọ̀, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ìyá Eléwúrẹ́, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

Ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún wà nínú ìwé mi. Mo ti kà á, ó ku ọ̀sẹ̀ méje. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀, gíráàmù 100 láàárọ̀.